Ewú, Lààlì àti Ẹ̀lú: Ohun tí Ọ̀rọ̀ náà ‘Dúdú’ Fi Pamọ́ nínú Ìtàn Irun Pípa Láró

Àwọn tí ó ti kọ̀wé lórí ìtàn aró ní ilẹ̀ Yorùbá kò kéré níye, iṣẹ́ wọn kò sì ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. A ti kà nípa àdìrẹ, nípa ìkòkò aró, nípa àwọn obìnrin aláró Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo, àti nípa Ìyá Mápó tí wọ́n gbà pé ó ni iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n aṣọ ni gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí dá lé. Irun orí kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni yà sí. Nínú bébà yìí, irun ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò: irun tí a fi ewé pa láró nínú ilé, láìgbé e lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ kankan. Ewé méjì ni ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́, èyíinì ni lààlì àti ẹ̀lú. Ohun tí a ó gbìyànjú láti fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ náà ‘dúdú’, nígbà tí a bá lò ó fún irun tí a pa láró, kò dúró fún ohun kan náà láti ìgbà dé ìgbà, àti pé ìyípadà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ṣe ènìyàn léṣe.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ sọ pé láàrin Yorùbá, ewú kì í ṣe àbùkù. ‘Ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà, máamú làfojúdi,’ bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ẹ̀rí ni ewú jẹ́. Ẹni tí ó bá bò ó mọ́lẹ̀ bo ẹ̀rí ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. (Bí àwọn olóṣèlú ayé òde òní ti wá ń ṣe é yàtọ̀, a kò ní í bá wọn jà níhìn-ín.) Nítorí náà, láti rí àkọsílẹ̀ tí ó lọ́ràá lórí ọ̀ràn yìí, ojú òkè ọya ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ wò, kí á sì tún wo ọ̀nà ilẹ̀ Lárúbáwá lẹ́yìn rẹ̀.

Hugh Clapperton, ọmọ Scotland tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán, wọ Kánò ní oṣù kìíní ọdún 1824. Nínú ìwé ìrìn-àjò tí a tẹ̀ jáde ní 1826, ó kọ ọ́ pé àwọn obìnrin Kánò àti ti Bọ̀nú a máa kun irun orí wọn ní àwọ̀ aró, àti ọwọ́, àti ẹsẹ̀, àti irun ìpéǹpéjú pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù láti fi kùn ún ni shuni. Àlàyé tí ó ṣe nípa bí wọ́n ti ń ṣe shuni yìí yẹ ní fífi ara balẹ̀ kà. Wọn a mú ògbólógbòó ẹ̀wù tí a ti rẹ láró, wọn a ya á, wọn a tún un rẹ lẹ́ẹ̀kejì. Wọn a gbẹ́ kòtò sínú ilẹ̀, wọn a fi ìgbẹ́ àgùntàn bo ẹ̀wù náà, wọn a da omi sí i, wọn a sì fi erùpẹ̀ tútù dí i. Nígbà òtútù wọn a dáná ilé sí ẹ̀gbẹ́ kòtò náà fún ọjọ́ 10. Nígbà ooru, ọjọ́ 7 tó, kò gba iná. Nígbà tí wọ́n bá hú u jáde, aṣọ náà á ti jẹrà débi pé agbára káká ni ó fi so mọ́ ara. Wọn a sá a gbẹ. Obìnrin tí ó bá fẹ́ lò ó á po díẹ̀ mọ́ omi nínú ìkarahun, á mú ìyẹ́ ẹyẹ ní ọwọ́ kan àti dígí ní ọwọ́ kejì.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó hàn nínú ìtàn yìí ni pé aró orí, inú aṣọ ni ó ti wá. Òwú a máa jẹrà nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n aró kì í jẹrà kíákíá bíi tirẹ̀. Kòtò náà ń jẹ òwú dànù, aró sì ń ṣẹ́kù. Aṣọ tí ó ti gbó fún wíwọ̀ ni a fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ fún orí. Ẹni tí ó bá kọ ìtàn aṣọ Kánò, tí kò mẹ́nu ba irun, ti dá ìtàn náà dúró kí aṣọ tó parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun kejì ni àwọ̀ tí Clapperton dárúkọ. Kò sọ pé irun wọn dúdú. Àwọ̀ aró ni ó rí. Àwọn kan lè rò pé ojú àlejò ni, ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé ó ríran dáadáa. Ewé ẹ̀lú kò ní aró nínú bí ó ti wà lórí igi. Ohun tí ó ní ni èròjà kan tí kò ní àwọ̀, tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ń pè ní indican. Nígbà tí ewé bá fọ́, tí omi kàn án, tí afẹ́fẹ́ sì fẹ́ sí i, ni èròjà yìí máa ń di aró. Bí ó bá sì ti di aró tán, kò ní í yòrò nínú omi lásán mọ́. Aró inú shuni ti di aró tipẹ́ kí ó tó dé inú ìkarahun. Nígbà tí a bá fi ìyẹ́ kùn ún, ẹ̀yìn irun ni ó ń dúró sí, kò ráyè wọlé. Èdè wa ya ìṣe méjèèjì yìí sọ́tọ̀: kíkùn ni ti Kánò, kì í ṣe pípa láró. A ń kun osùn sí ara, omi a sì wẹ̀ ẹ́ kúrò; ohun tí a bá pa láró, àwọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára.

Clapperton kan náà gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá nígbà ìrìn-àjò rẹ̀ kejì. Ní Ìjànná, ní ìparí ọdún 1825, ó rí ilé àwọn aláró pẹ̀lú àwọn ìkòkò ńláńlá wọn. Kí ló dé tí ìkòkò aró tí ó wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò fi di ohun tí à ń ki orí bọ̀? Ọ̀wọ̀ tí a ní fún ewú lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní ìdí tirẹ̀. Àwọn aláró wa a máa gún ewé ẹ̀lú nínú odó, wọn a mọ ọ́n róbótó, wọn a sá a gbẹ. Nígbà tí ó bá fi gbẹ, aró ti di aró nínú rẹ̀. Láti mú un yòrò padà, wọ́n nílò omi eérú kíkan àti ọjọ́ mélòó kan tí ìkòkò fi ń ṣiṣẹ́. Òwú lè fara da omi eérú. Irun kò lè fara dà á. Purotéènì ni irun, omi eérú a sì máa jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ kan omi eérú tí a fẹ́ fi se ọṣẹ dúdú mọ ohun tí à ń wí.

Ọ̀nà kan péré ni ó kù tí ẹ̀lú fi lè wọ inú irun: kí á tètè sá ewé náà gbẹ láìgún un, kí á lọ̀ ọ́, kí ó sì jẹ́ orí irun gan-an ni yóò ti di aró. Ìlànà yìí ni àwọn ará Lárúbáwá, Páṣíà àti Íńdíà ń tẹ̀ lé, wọn kì í sì í fi ẹ̀lú nìkan ṣe é. Lààlì ni ó ń ṣáájú. A ó po ìyẹ̀fun lààlì mọ́ omi, pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́ nígbà mìíràn, a ó fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kí èròjà pupa inú rẹ̀, tí ń jẹ́ lawsone, lè jáde. A ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ irun fún wákàtí méjì sí mẹ́rin kí á tó fọ̀ ọ́. Lórí irun dúdú, ìpọ́n díẹ̀ ni yóò hàn. Lórí ewú, yóò pọ́n bí epo. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ po ìyẹ̀fun ẹ̀lú, a ó sì yára lò ó, nítorí pé bí a bá fi í sílẹ̀ pẹ́ nínú igbá, inú igbá ni yóò ti di aró. Irun náà lè kọ́kọ́ fẹ́ dà bí ewé tútù. Bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i ni yóò máa ṣú, títí yóò fi dúdú. Pupa abẹ́ àti aró òkè ni ó para pọ̀ di dúdú yẹn. Bí a bá po ewé méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọ̀ ilẹ̀ ni a ó rí, kì í ṣe dúdú.

Èyí tan ìmọ́lẹ̀ sí àríyànjiyàn kan tí ó ti pẹ́. Nínú àkójọ hàdíìsì Muslim, a kà pé nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Mẹ́kà ní ọdún 630, wọ́n mú Abu Quhafa, bàbá Abu Bakr, wá, orí àti irùngbọ̀n rẹ̀ funfun gbòò. Ànábì Muhammad ní kí wọ́n yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kí wọ́n yẹra fún dúdú. Síbẹ̀, hàdíìsì mìíràn, tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wọlé, sọ pé ohun tí ó dára jù láti fi yí ewú padà ni lààlì àti kátámù. Àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí ewé tí kátámù jẹ́; àwọn kan so ó pọ̀ mọ́ ẹ̀lú tàbí ohun tí ó jọ ọ́. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni pé ó máa ń mú irun ṣú. Ẹni tí ó ka hàdíìsì méjèèjì lè rò pé wọ́n tako ara wọn. Ẹni tí ó bá ti po ewé rí yóò rí i pé ọ̀nà wà láàrin wọn, nítorí pé lààlì tí a pò mọ́ ewé tí ń ṣú irun lè dúró sí àwọ̀ ilẹ̀ láì dé dúdú. Nínú Muwatta, Malik fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò gbọ́ ohun kan pàtó lórí dúdú, pé àwọ̀ mìíràn ni ó wu òun jù. Ọ̀nà Malik sì ni àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń tọ̀.

Ìwé nìkan kọ́ ni ó gbé lààlì dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ó bá jẹ́ inú ìwé ni a ti mú un, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá, hinna, ni à bá máa pè é. Lalle ni àwọn Haúsá ń pè é, láti ẹnu wọn ni a sì ti yá a. Ọ̀nà ọjà ni ewé náà gbà wọlé, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìyàwó ni a sì mọ̀ ọ́n mọ́ jù láàrin wa, kì í ṣe orí arúgbó.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni nǹkan yí padà. Láàrin ọdún 1880 sí 1890, àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í lo paraphenylenediamine, tí a ń ké kúrú sí PPD, láti pa irun ẹranko àti irun ènìyàn láró. Ní 1897 ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì gbé aró àtọwọ́dá jáde fún títà. Ní 1907 Eugène Schueller bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe aró irun ní Paris, láti inú èyí tí ilé-iṣẹ́ L’Oréal ti wá. Aró àtọwọ́dá ti aṣọ kò yàtọ̀ sí ti ewé. Aró kan náà ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n PPD kò bá ẹ̀lú tan rárá. Ó yára, kò gba ìlànà méjì, kò sì gba sùúrù. Nígbà tí a pò ó mọ́ ìyẹ̀fun lààlì, tí ó ń sọ irun di dúdú láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ‘lààlì dúdú’ ni wọ́n ń pè é. Lààlì gidi kò lè dúdú láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun mìíràn ni.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí àwọn aláró ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo aró àtọwọ́dá àti sódà dípò ẹ̀lú àti omi eérú, ariwo ta. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi òfin dè é, àwọn obìnrin náà kò gbà, ọ̀rọ̀ náà sì di ti ìgbìmọ̀ ìwádìí ní 1936. Judith Byfield ti ṣe àlàyé rẹ̀ ní kíkún nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 2002. Kí ni ó fa gbogbo ariwo yẹn? Aṣọ ń lọ sí ọjà. Oníbàárà ń ráhùn, owó ìlú wà nínú rẹ̀, oyè sì wà nínú rẹ̀. Irun kò ní ọjà bẹ́ẹ̀. Inú ilé ni a ti ń pa á, ní ọwọ́ ọ̀rẹ́ tàbí ìyá ọkọ, nínú abọ́ kékeré. Ìyípadà kan náà dé bá a, wọ́n pààrọ̀ ewé nínú abọ́, kò sí ọba tí ó fòfin dè é, kò sí ìgbìmọ̀ tí ó jókòó, àkọsílẹ̀ kò sì sí fún òpìtàn láti kà.

Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ni àkọsílẹ̀ ti wá nígbẹ̀yìn. Ní Sudan, níbi tí àwọn obìnrin ti ń po òkúta PPD mọ́ lààlì kí ó lè tètè ṣú, àwọn dókítà ní Khartoum bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn tí ojú àti ọrùn wọn wú débi pé wọn kò lè mí, tí kíndìnrín wọn sì ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1992 wọ́n tẹ ìròyìn jáde lórí ti àwọn ọmọdé nìkan. Ewé lààlì kọ́ ni ó ṣe wọ́n ní ibi yẹn. Síbẹ̀ lààlì ni orúkọ tí ó ṣáájú nínú àkọlé ìròyìn náà, PPD sì tẹ̀ lé e.