Ọ̀yọ́ Nínú Orin Dúró Ládípọ̀

Inú ṣọ́ọ̀ṣì l'Óṣogbo ni orin Dúró Ládípọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kó ìlù ìbílẹ̀ wọ orin ìsìn, inú àwọn kan nínú ìjọ kò dùn sí i. Ó wá bọ́ sí Mbárí Mbáyọ̀, gbàgede iṣẹ́ ọnà l'Óṣogbo tí wọ́n ṣí ní 1962. Ìtàn Ọ̀yọ́ ni ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ dì mú nínú àwọn eré rẹ̀: Ọba Mórò, Ọba Kò So ní 1963, àti Ọba Wàjà, tó dá lórí ọ̀ràn Ẹlẹ́ṣin Ọba, ẹni tó yẹ kó bá ọba kú, ní Ọ̀yọ́ ní 1945. Ọba Kò So ló lókìkí jù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ládípọ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣe Ṣàngó nínú eré náà: ó dirun bí ẹlẹ́gùn, iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀, bàtá ń dún kíkankíkan. Abíọ́dún, aya rẹ̀, ni Ọya. Wọ́n gbé eré náà dé Berlin ní 1964. Ládípọ̀ kú ní 1978.