Òkúta ẹfun Ewékorò

Òkúta ẹfun Ewékorò jẹ́ ìpele òkúta kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn, òun sì ni wọ́n ń wà fún símẹ́ńtì ní Ewékorò àti Ṣàgámù. Inú òkun ló ti kó jọ, ní sáà Paleocene, tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn tó sì parí ní mílíọ̀nù 56. Àwọn onímọ̀ nípa òkúta, Jones àti Hockey, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1964.

Ọjọ́ orí

Ẹlẹ́rìí tó dájú jù lọ nípa ọjọ́ orí òkúta náà ni foraminífẹ́rà, ẹ̀dá inú omi tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Ó máa ń kọ́ karahun fún ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì tó mìlímítà kan. Àwọn tó ń léfòó lójú omi ló wúlò jù: ìṣàn omi a máa gbé wọn káàkiri àwọn òkun, irú kọ̀ọ̀kan kì í sì í pẹ́ láyé kó tó run. Ọ̀kan nínú wọn, Globanomalina pseudomenardii, gbé ayé láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 61 ọdún sẹ́yìn títí di mílíọ̀nù 57. Ìpele tí wọ́n bá ti rí i bọ́ sí àárín ìgbà yẹn, àyàfi bí omi bá wọ́ karahun náà wá láti inú òkúta tó ti wà tẹ́lẹ̀.

Òkúta ẹfun le ju èyí tí wọ́n lè fọ̀ nínú asẹ́ láti yọ karahun rẹ̀ lọ. Ńṣe ni wọ́n ń rẹ́ ẹ, tí wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ títí yóò fi tín-ín-rín tó 0.03 mìlímítà, kí ìmọ́lẹ̀ maikirosíkóòpù lè là á já. Karahun kan náà tí wọ́n gé ní ìdábùú kò jọ èyí tí wọ́n gé ní òòró, nítorí náà iṣẹ́ olójú tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ ni.

Omi ìgbà náà

Yanrìn pọ̀ nísàlẹ̀ ìpele náà, karahun tẹ̀ lé e, ewéko òkun wà lókè rẹ̀. Irú ewéko bẹ́ẹ̀ kì í hù níbi tí oòrùn kò dé, nítorí náà omi náà kò jìn.

Ààlà òkè

Òkúta amọ̀ Akínbọ̀ ló bo òkúta ẹfun náà. Èérún aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní glauconite wà ní ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, ó sì lè jẹ́ àmì pé nǹkan díẹ̀ ló ń rọ̀ sísàlẹ̀ òkun fún ìgbà pípẹ́. Bí ìgbà yẹn ṣe gùn tó, àti ibi tí Paleocene ti parí gan-an nínú òkúta amọ̀ náà, àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò.

Ìtàn

Onímọ̀ kan, Berggren, kọ̀wé lórí foraminífẹ́rà Paleocene Nàìjíríà ní 1960, ọdún tí ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ògiri kòtò tí wọ́n ń wà níbẹ̀ ni onímọ̀ mìíràn, Ogbe, yẹ̀ wò ní 1972. Ìwé Adégòkè, tó jáde ní 1977, ló ṣàlàyé jù lọ nípa àwọn ẹ̀dá inú òkúta ẹfun náà.