Àìtó Ẹ̀jẹ̀ láàrin Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé Adivasi ní Íńdíà, 1952 sí 2023

Ní ọdún 1952 ni Hermann Lehmann àti Marie Cutbush kọ ìròyìn pé ẹ̀jẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ ń tẹ̀ bí dòjé wà lára àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ orí òkè Nilgiri ní gúsù Íńdíà. Ní ọdún yẹn kan náà ni Dunlop àti Mazumder rí i lára àwọn òṣìṣẹ́ oko tíì ní Assam. Ọmọ tí ó bá jogún irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni ó ń ní àìsàn tí Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde.

Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba Íńdíà dá ètò ìdènà àìtó ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní 1970, àìjẹunre-kánú ni wọ́n di gbogbo ẹ̀bi rù. Aboyún, abiyamọ àti ọmọ ọdún 1 sí 5 ni wọ́n ń fún ní oògùn tí ó ní èròjà irin. Ọmọ Adivasi tí ó ti tó ilé-ìwé lọ kò sí nínú wọn. Ní 2013 ni ètò mìíràn gbé oògùn ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ dé ilé-ìwé fún ọmọ ọdún 5 sí 10. Ìrànlọ́wọ́ gidi ni èyí, nítorí pé àìtó èròjà irin àti aràn tí ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé wá fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ mu kì í ṣe ọ̀rọ̀ àròsọ. Ṣùgbọ́n irin kò lè na sẹ́ẹ̀lì tí ó ti tẹ̀. Olùkọ́ tí ń wo ọmọ tí ó rẹ̀ ní kíláàsì kò sì lè fi ojú lásán mọ èyí tí ń ṣe é. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó lè sọ ọ́.

Oṣù keje 2023 ni ìjọba tó ṣí ètò àyẹ̀wò náà ní Shahdol, fún mílíọ̀nù 70 ènìyàn, láti ọmọ ọwọ́ títí dé ẹni 40 ọdún. Àwọn tí wọ́n wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1952 ti kọjá ọjọ́ orí náà tipẹ́.