Etíkun Tí Kò Ní Títì

Tí ẹ bá lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Florida tó wà létí òkun ní Dania Beach, nítòsí Fort Lauderdale, orúkọ èèyàn méjì lẹ máa bá lára pátákó: Dr. Von D. Mizell àti Eula Johnson. Lọ́jọ́ tí mo lọ, mi ò mọ ìkankan nínú wọn. Ẹranko ni mo wá wò ní tèmi.

Ibẹ̀ dùn ún wò lóòótọ́. Omi kan tí wọ́n ń pè ní Whiskey Creek gba inú ọgbà náà kọjá. Igi mangrove tò sí bèbè rẹ̀, gbòǹgbò wọn yọ síta bí ẹsẹ̀ alákàn. Èèyàn lè fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré níbẹ̀. Manatee, ẹranko ńlá tó ń jẹ koríko inú omi, máa ń wá síbẹ̀. Lápá òkun, ìjàpá òkun máa ń gòkè lóru láti yé ẹyin sínú iyanrìn.

Ìgbà tí mo délé ni mo tó wádìí àwọn orúkọ yẹn.

Nígbà kan, aláwọ̀ dúdú ò gbọdọ̀ wẹ̀ ní etíkun Fort Lauderdale. Ní 1954, ìjọba ìbílẹ̀ Broward ra ilẹ̀ yìí, wọ́n ní kí àwọn aláwọ̀ dúdú máa lò ó. Wọ́n ṣèlérí títì. Títì ò dé. Ọkọ̀ ojú omi lèèyàn máa wọ̀ kó tó débẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, mo mọ irú ìwà yìí: ẹ kọ́ ojú ìwé kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò fún ẹnikẹ́ni ní líǹkì rẹ̀, ẹ wá ń sọ pé ó kúkú wà níbẹ̀.

Mizell jẹ́ dókítà. Johnson ni olórí ẹgbẹ́ NAACP ládùúgbò náà. Ní July 4, 1961, ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà gan-an, àwọn méjèèjì pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan lọ wọ inú òkun ní etíkun àwọn aláwọ̀ funfun. Wọ́n tún padà lọ, èrò sì ń pọ̀ sí i. Ìjọba ìlú gbé Johnson àti NAACP lọ sí kóòtù kí wọ́n lè dá wọn lẹ́kun. Ní 1962, adájọ́ kọ̀ jálẹ̀, bí etíkun ṣe di ti gbogbo èèyàn nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ o: 1965 ni títì tí wọ́n ṣèlérí tó dé ọgbà náà. Orúkọ lọ́yà kan, John U. Lloyd, ni wọ́n sì fi pe ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. 2016 ni wọ́n tó fi orúkọ Mizell àti Johnson rọ́pò rẹ̀. Kò ṣojú èyíkéyìí nínú wọn.

Aláwọ̀ dúdú lèmi náà. Mo wa mọ́tò wọlé, mo sanwó ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé bó ṣe máa ń rí látilẹ̀ nìyẹn.

Tí ẹ bá lọ gbafẹ́ níbikíbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka orúkọ ara pátákó kẹ́ ẹ tó wọlé.