Ohun Tó Fọ́ Ariane 5

Àwọn àgbà ní bí ojú bá yẹ ojú, kí ohùn má yẹ ohùn. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ fi ìtàn rọ́kẹ́ẹ̀tì kan hàn pé òwe yìí kan àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà gan-an.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, àwọn ará Yúróòpù fi Ariane 5 ránṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Kourou, ní Guiana ti ilẹ̀ Faransé. Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé sátẹ́láìtì Cluster mẹ́rin, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó gbéra tó fi yà kúrò lọ́nà, tó sì fọ́ yángá.

Kí ló fà á? Ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì kọjú sí àti bó ṣe ń yára tó, ara Ariane 4 ni wọ́n ti mú un wá, tòun ti ètò kọ̀ǹpútà inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyára Ariane 5 sí ẹ̀gbẹ́ máa ń pọ̀ sí i ní ìlọ́po márùn-ún ti Ariane 4. Nígbà tí ètò náà fẹ́ fi nọ́ńbà kan tó jẹ mọ́ ìyára yìí sí àyè tí kò lè gbà ju 32,767 lọ, kò gbà á. Ẹ̀rọ náà dákú. Ìkejì tí wọ́n fi ṣe ìrọ́pò ti dákú ṣáájú, nítorí ètò kan náà ló wà nínú méjèèjì.

Èyí tó dùn mí jù ni pé iṣẹ́ tí ètò náà ń ṣe lásìkò yẹn kò wúlò mọ́. Lórí Ariane 4, wọ́n jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 40 lẹ́yìn ìgbéra, kó má baà di pé wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá dá ìgbéra dúró lójijì. Ariane 5 kò nílò rẹ̀. Ìdí ti lọ, iṣẹ́ ṣì wà.

Ẹnìkan lè ní àwọn tó kọ ètò náà ló jẹ̀bi. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tó jọ ń ṣiṣẹ́ ló fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n má fi ipa ọ̀nà Ariane 5 sínú àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ṣe. Rọ́kẹ́ẹ̀tì yí padà, àkọsílẹ̀ kò yí padà.

Ìgbìmọ̀ tí Jacques-Louis Lions darí dábàá lóṣù Keje ọdún náà pé kí wọ́n máa tọ́jú ìwé tó ń ṣàlàyé ìdí iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ètò fúnra rẹ̀, kí méjèèjì sì máa bára mu. Wọ́n tún Cluster ṣe, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ ní ọdún 2000.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí a bá pín iṣẹ́ láàárín ara wa, tí ohun kan sì yí padà, ẹ jẹ́ ká sọ fún gbogbo ọwọ́ tó wà nídìí rẹ̀. Ká sì tún bi ara wa pé: kí nìdí tí a fi ń ṣe èyí?