Ohùn Ẹ̀fẹ̀ àti Auto-Tune

Orin Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ni mo gbọ́ dàgbà ní ìlú wa, Odomèta. Àwọn àgbà wa gbà pé ní ilẹ̀ Kétu ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀. Ní 2001, UNESCO kéde rẹ̀ ní ogún gbogbo ayé. Òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń kọrin. Ohùn rẹ̀ a máa yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sí dùùrù tó ń darí rẹ̀.

Ọdún 1997 ni Auto-Tune, ẹ̀rọ tó ń tún ohùn ṣe, jáde ní Amẹ́ríkà. Andy Hildebrand tó ṣe é ti kọ́kọ́ fi ìmọ̀ ìró wá epo rọ̀bì lábẹ́ ilẹ̀. Àtúnṣe ohùn tó ṣìnà ni wọ́n ṣe é fún, títí di ìgbà tí akọrin Cher fi í kọ "Believe" ní 1998, tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹ̀rọ, tí ayé sì gbà á.

Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, Melodyne ti Jámánì lèmi fẹ́ràn jù. Nínú yàrá mi, mo máa ń fi sọ ohùn mi kan ṣoṣo di agbo elégbè, tòkè tilẹ̀. Iṣẹ́ ọnà gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ẹ̀rọ yára fa ohùn lílé sórí ìró méjìlá ti dùùrù, ìyọ̀wálẹ̀ yẹn á kú, ọ̀rọ̀ orin á sì dàrú létí ẹni tó gbọ́ èdè wa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbohùn sílẹ̀ nílé, ẹ jọ̀wọ́, ègbè ni kí ẹ lo ẹ̀rọ fún. Ẹ fi ohùn Ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu.