Ẹbí ní Ojúde: Fọ́tò gẹ́gẹ́ bí Àrokò ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni àṣà kan tí àwọn òpìtàn ilẹ̀ wa kò tíì kà sí nǹkan bàbàrà, èyíinì ni àṣà kí tẹbí tará jókòó sí ojúde ilé, kí wọ́n ya àwòrán, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ bí ẹ̀bùn sí ẹni wọn tí ó wà ní ìdálẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ni a fi ṣe ibùdó ọ̀rọ̀ wa, nítorí pé oníṣòwò ni Ìjẹ̀bú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í gbélé. Èkó, Ìbàdàn (pàápàá Òkè Àdó), àti àwọn ìlú mìíràn lẹ́yìn wọn ni ọmọ Ìjẹ̀bú ti ń wá ajé. Níbi tí ọmọ bá ti ń lọ sí ìdálẹ̀, ó di dandan kí ilé wá ọ̀nà tí yóò fi máa bá a sọ̀rọ̀.

Èrò kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé pé àjèjì pátápátá ni fọ́tò, pé òyìnbó ni ó kọ́ wa bí a ti ń jókòó níwájú kámẹ́rà, àti pé ohun tí Yorùbá ṣe kò ju àfarawé lọ. A kò bá wọn jiyàn lórí irinṣẹ́ náà. Òyìnbó ni ó ni ín. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi irinṣẹ́ náà sọ, àti ẹni tí a fi í sọ ọ́ fún, tiwa ni, ó sì ti wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kí kámẹ́rà tó dé ibẹ̀. Èyí ni a ó gbìyànjú láti fi hàn.

Bí kámẹ́rà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ní 1839 ni wọ́n kéde ọgbọ́n àwòrán yíyà fún aráyé ní ìlú Paris. Kò tó ogún ọdún lẹ́yìn náà tí ayàwòrán aláwọ̀ dúdú fi ń ṣiṣẹ́ ní etíkun ilẹ̀ wa. Augustus Washington, ọmọ adúláwọ̀ láti Amẹ́ríkà, kó irinṣẹ́ rẹ̀ dé Liberia ní 1853. Ọdún yẹn kan náà ni a bí George Da Costa ní Èkó. Ẹni yìí ṣiṣẹ́ ní ilé ìtàwé C.M.S. fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fi í sílẹ̀ ní 1895 láti di ayàwòrán. Ní 1896, Neils Walwin Holm, ọmọ Gold Coast, dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó bákan náà. Ẹ ó kíyè sí i pé aláwọ̀ dúdú ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ó bá ń sọ pé òyìnbó ni ó fi kámẹ́rà wò wá nìkan, kò tíì ka ìtàn náà dé ìdajì.

Ìjẹ̀bú-Òde kò tètè bọ́ sínú ìtàn yìí. Ó di ìgbà tí àwọn ọmọ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn, ní oṣù karùn-ún 1892, kí ọ̀nà tó ṣí gbayawu fún àlejò, oníwàásù àti olùkọ́. Ilé ẹ̀kọ́ girama Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ ní 1913, àwọn ilé ẹ̀kọ́ báyìí sì wà lára ibi tí àwọn ènìyàn ti mọ bí a ti ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níwájú kámẹ́rà: olùkọ́ lórí àga, akẹ́kọ̀ọ́ àgbà lẹ́yìn, àwọn kéékèèké lórí ilẹ̀.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ìta? Ìdí kìíní kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú: ìmọ́lẹ̀ ni. Awo gíláàsì tí àwọn ayàwòrán ìgbà náà ń lò kì í tètè gba àwòrán, inú ilé sì ṣókùnkùn jù fún un. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń gbé ẹbí jáde sí gbàgede ní òwúrọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé bí oòrùn bá kan àtàrí, ihò dúdú ni ojú ènìyàn yóò dà nínú àwòrán. Wọn a ta aṣọ mọ́ ògiri, wọn a tẹ́ ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọn a gbé àga jáde. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní Bamako, láti 1948 títí dé nǹkan bí 1962, inú àgbàlá ni Seydou Keïta ti ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán tí ó sọ ọ́ di olókìkí, aṣọ ìtẹ́bùsùn sì ni ó kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀yìn àwòrán.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ nìkan ni, àṣà náà ìbá ti kú nígbà tí iná mànàmáná dé. Kò kú. Ilé fúnra rẹ̀ ni ìdí kejì. Ọmọ tí ó wà ní Èkó a máa fi owó ránṣẹ́ sílé láti kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Ní ọdún kan wọn a fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ní ọdún kejì wọn a gbé ògiri dé ojú fèrèsé, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí a ó fi kan páànù. Nígbà tí ilé bá parí, kí ni ará ilé yóò fi dá a lóhùn? Wọn a jókòó síwájú ilé náà, kí ẹnu ọ̀nà, fèrèsé òkè àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ hàn lẹ́yìn wọn, wọn a sì fi àwòrán ránṣẹ́. Tí a bá fẹ́ ṣe ẹ̀fẹ̀, a lè sọ pé rìsíìtì ni. Ohun tí ó ju rìsíìtì lọ ni, nítorí pé ẹni tí ó fowó ránṣẹ́ yóò rí ilé, yóò sì rí àwọn tí ilé náà wà fún.

Àrokò àti àwòrán

Ní 1885, Gollmer kọ̀wé lórí àrokò Yorùbá fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀n. Ní 1887, G. W. Bloxam gbé irú àrokò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà, ti Ìjẹ̀bú sì wà nínú wọn. Ọ̀kan wà tí a kò lè fò dá. Ọmọ ọba kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ó fi í ránṣẹ́ sí arákùnrin rẹ̀ tí ó ń gbé ní ìdálẹ̀: owó ẹyọ mẹ́fà pẹ̀lú ìyẹ́. Ẹ̀fà dúró fún fífà: ọkàn mi fà sí ọ, kí tìrẹ náà fà sí mi. Ìyẹ́ ni a fi ń ro etí, nítorí náà ó ń sọ pé etí rẹ nìkan ni ọwọ́ mi lè tó láti ibi tí mo wà yìí, ojú rẹ ni mo ń retí. Ẹ̀jọ, owó ẹyọ mẹ́jọ, dúró fún jíjọ: ọ̀rọ̀ wa jọra, a jọ wà ní ìmọ̀. Gollmer tún ṣàlàyé pé bí a bá so owó ẹyọ méjì ní ojú kojú, ìbátan àti ìpàdé ni; bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn kẹ́yìn, ìpínyà àti ọ̀tá ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ojú yìí wo àwòrán ẹbí. Ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀ ni a ń fi í ránṣẹ́ sí, bíi ti àrokò ọmọ ọba yẹn. Ojú kojú ni: àwọn tí ó jókòó kọjú sí kámẹ́rà gan-an, ọwọ́ wà lórí orúnkún, ẹsẹ̀ yà díẹ̀, aṣọ tẹ́ dé ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún ní 1975 tí ó sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978, ṣàpèjúwe ìjókòó yìí dáadáa, ó sì rí i pé ìlànà tí Yorùbá fi ń gbé ipò ènìyàn yọ ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gba èrò Robert Farris Thompson lò, pé jíjọra ni oníṣẹ́ ọnà Yorùbá ń wá, kì í ṣe ìjọra àjọjù, kì í sì í ṣe àìjọ rárá. Àwọn ayàwòrán a máa fi pẹ́ńsùlù tún ojú fíìmù ṣe kí ìhunjọ iwájú orí àgbà má baà hàn jù. Mo ti gbọ́ tí wọ́n pe èyí ní irọ́. Lójú tèmi, ẹ̀jọ ni.

Sprague kò mẹ́nu ba àrokò o. Àwa ni a so ó pọ̀, a sì mọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ so ó le jù. A kò sọ pé ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde jókòó ní 1920, tí ó ronú owó ẹyọ kí ó tó pe ayàwòrán. Ohun tí a ń sọ ni pé ìlú tí ó ti mọ bí a ti ń fi nǹkan tí a lè fojú rí ránṣẹ́ dípò ara ẹni, kò ní í bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí fọ́tò wà fún.

Àpẹẹrẹ kan ti Ìlá tún kín ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán a máa ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, a sì tẹ̀ wọ́n sórí bébà kan náà bí ẹni pé Táyé àti Kẹ́hìndé jọ jókòó. Fọ́tò gba ipò ère ìbejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni a máa ń rí àwòrán ẹbí tí ọmọdé kan gbé àwòrán ẹni tí kò sí nílé lé orí itan, nínú férémù rẹ̀. Ẹni tí ó lọ kò kúrò nínú ìtò ẹbí. Àga rẹ̀ ń bẹ.

Ohun tí ó wà nínú ewu

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà kan iṣẹ́ òpìtàn gan-an. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú-Òde láti 1892 sí nǹkan bí 1950, kí ni yóò rí kà? Ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀ kún fún Awùjalẹ̀, fún àwọn ìjòyè, fún owó orí àti ẹjọ́ ilẹ̀. Ìwé ìjọ kọ orúkọ ẹni tí a rì bọmi. Ìyá tí ó ta aṣọ fún ogójì ọdún, tí ó fi èrè rẹ̀ rán ọmọ mẹ́fà lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ìdí òwú lásán ni nínú àwọn ìwé wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ó wà nínú àwòrán. Ó jókòó ní apá ọ̀tún baálé, ìyàwó kejì wà ní apá òsì, ìkẹta dúró lẹ́yìn. Ẹni tí a fún ní àga àti ẹni tí a kò fún, ẹni tí ó wọ aṣọ kan náà pẹ̀lú ìyálé àti ẹni tí aṣọ rẹ̀ dá yàtọ̀, ẹ̀rí ni gbogbo rẹ̀. Aṣọ àǹkóò gan-an a máa ran òpìtàn lọ́wọ́, nítorí pé àwọn àgbà obìnrin a máa rántí ọdún tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ jáde lọ́jà nígbà tí wọn kò bá rántí ọdún tí wọ́n ya àwòrán.

Nínú ilé baba ńlá mi, àwòrán kan wà tí a fi kọ́ òkè nítòsí àjà, tí férémù rẹ̀ tẹ̀ síwájú bí ẹni ń bẹ̀ wò wá. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, mẹ́sàn-án ni ẹnikẹ́ni lè dárúkọ. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ tí ó kù jẹ́ obìnrin tí ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó sì jókòó sí ibi tí a kì í fi sílẹ̀ fún àlejò. Ìyá àgbà kan sọ fún mi pé, “Ẹni wa ni, ọmọ mi, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ ti lọ.” Bí ilé yẹn bá wó lọ́la, tàbí tí a bá fẹ́ tún un kùn, àwòrán náà lè bá àlòkù páànù lọ. Fíìmù àwọn ayàwòrán kò sàn jù bẹ́ẹ̀: nígbà tí ọ̀gá bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò kọ́ṣẹ́ náà a rí àpótí tí ó gba ààyè, wọn a sì dáná sun ún. Ó yà mí lẹ́nu pé a ń sáré láti gba ìtàn àtẹnudẹ́nu sílẹ̀ lórí kásẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n a kì í béèrè fún àwòrán tí ó wà lókè orí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yìn àwòrán ṣe pàtàkì tó ojú rẹ̀. Bébà tí a tẹ̀ bíi káàdì ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń lò fún èyí tí a fẹ́ fi ránṣẹ́, a sì máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀: orúkọ ẹni tí ó ni ín, ọjọ́ oṣù, àti ìkìlọ̀ pé kí ó máa fi rántí àwọn ará ilé. Ẹni tí ó bá lẹ àwòrán mọ́ ìwé álúbọ́ọ̀mù pẹ̀lú gúlúù ti pa ìdajì ẹ̀rí náà run láìmọ̀.

Àṣà yìí kò tíì dópin. Ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, Ìjẹ̀bú máa ń péjọ fún Ojúde Ọba, níbi tí àwọn ìdílé ẹlẹ́ṣin àti àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti ń kí Awùjalẹ̀. Lábẹ́ Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó jọba láti 1960 títí tí ó fi wàjà ní oṣù keje 2025, ni rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tún padà ní agbára ńlá, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dá aṣọ tirẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2024, àwòrán Fárúùkù Orẹ́agbà lórí ẹṣin kárí ayé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí àwòrán olókìkí yẹn, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó dúró ní ojúde ilé wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà kí wọ́n tó lọ sí pápá, nínú aṣọ kan náà, tí àwòrán wọn sì dé ọ̀dọ̀ ẹni wọn ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Houston kí kọfí rẹ̀ tó tutù. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀yìn tí a lè kọ orúkọ sí. Àwọn ìdílé kan ti ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, láti apá òsì sí ọ̀tún, sínú ìwé tí wọ́n fi ń bá a ránṣẹ́.